Ilé Iná Orí Òkè Mesurado
Ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí Fílípì 2:14–16



Nínú Fílípì 2:15, Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù rán àwọn onígbàgbọ́ létí pé wọ́n ń tàn ní àárín ìran tí ó ti yapa kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó lò níbẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò. Kò lo phōs, tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Phōstēr ni ó lò, èyí tí í ṣe ohun tí ó gbé ìmọ́lẹ̀ dání, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ti ara rẹ̀ jáde wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tí ó túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríìkì lò nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:14, níbi tí Ọlọ́run ti fi oòrùn àti òṣùpá sí ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ 3, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ yọ, phōs ni wọ́n lò. Èdè Hébérù pàápàá ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá wa àtijọ́, ìmọ́lẹ̀ ni a fi túmọ̀ méjèèjì, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ṣe ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí oníwàásù mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí pé ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí dúró lé lórí. Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run. Àwa jẹ́ ohun tí Ó gbé ìmọ́lẹ̀ kà.

Kò sí ibi kan nínú Bíbélì tí a ti dárúkọ ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kì í ṣe ará òkun; ẹ̀rù òkun ni ó pọ̀ nínú orin wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù, ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà ni, gẹ́gẹ́ bí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 27:6 ti wí. Èyí tí ó sì gbé e kúrò ní erékùṣù Mẹ́lítà lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ fọ́, ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà náà ni. Ní ẹnu ọ̀nà èbúté Alẹkisáńdíríà yìí ni ilé iná tí ó lókìkí jù lọ láyé àtijọ́ wà, ní erékùṣù kékeré kan tí a ń pè ní Pharos. A kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 280 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ó sì ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ.

Ohun tí ó mú kí Pharos ṣe pàtàkì fún àwa olùtumọ̀ ni pé erékùṣù náà gan-an ni ìtàn àwọn Júù sọ pé a ti túmọ̀ ìwé Òfin Mósè láti Hébérù sí Gíríìkì. Àwọn àgbà méjìléláàádọ́rin ni a sọ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Philo, ọ̀mọ̀wé Júù tí ó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní ìgbà ayé Olúwa wa, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn máa ń wọkọ̀ lọ sí erékùṣù náà láti ṣe àjọ̀dún, láti bu ọlá fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìtumọ̀ náà ti kọ́kọ́ tàn. Ẹ wo bí èyí ti rí: ilé iná fún àwọn awakọ̀ ní ìhà kan, ilé iṣẹ́ àwọn olùtumọ̀ ní ìhà kejì. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó ilé gogoro náà lulẹ̀. Ìtumọ̀ náà wà síbẹ̀. Àwọn Kristẹni ìlà-oòrùn ń kà á ní ilé ìsìn wọn títí di òní.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a bẹ ìlú Monrovia wò, ní orílẹ̀-èdè Liberia. Gurley Street ni a wọ̀ sí, òpópónà kan ní àárín ìlú náà tí ó dábùú Broad Street kọjá, tí ó sì pàdé Carey Street. Àwọn orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ lásán. Ralph Randolph Gurley jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Amẹ́ríkà àti akọ̀wé American Colonization Society, ẹgbẹ́ tí ó ṣètò bí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti dòmìnira ní Amẹ́ríkà yóò ṣe tún padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1824 ni òun fúnra rẹ̀ wá sí Liberia láti bá wọn tò ètò ìjọba wọn. Lott Carey ní tirẹ̀ jẹ́ ẹrú ní Virginia. Ó gbọ́ ìwàásù lórí Nikodémù nínú Jòhánù orí 3, ìwàásù náà sì wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ́ ìwé kíkà, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ ka orí náà. Ó ra ara rẹ̀ padà, ó di oníwàásù, ó gba ojú òkun wá sí Áfíríkà ní 1821, ó dá ìjọ Providence Baptist sílẹ̀, ó sì kú ní Monrovia ní 1828. Ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Bíbélì, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè pé kí ni orí kan ṣoṣo nínú Bíbélì lè ṣe fún ènìyàn, ẹ sọ ìtàn Lott Carey fún un.

Ohun mìíràn wà tí ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé bí ó bá dúró ní etíkun yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni àwọn àtìpó wọ̀nyí kó kúrò ní erékùṣù Providence, tí wọ́n gun òkè Mesurado láti tẹ ìlú náà dó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọdékùnrin ará Òṣogùn kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí ó kúrò ní èbúté Èkó. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ni a gbé e gúnlẹ̀ sí Freetown, ọ̀nà òkun tí ó sì lọ láti Èkó sí Freetown gba iwájú etíkun Liberia kọjá. Kò sí iná kankan lórí òkè náà nígbà náà. Nínú òkùnkùn ni a gbé ẹni tí yóò tan ìmọ́lẹ̀ Bíbélì fún Yorùbá kọjá. Ọmọ yìí ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ sí èdè Yorùbá jáde ní 1850, tí odindi Bíbélì sì jáde ní 1884.

Ní ọdún 1850 yìí kan náà ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Monrovia, nígbà tí ó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Goodale, ẹnì kejì rẹ̀, kú sí ilẹ̀ Liberia. Bowen nìkan ni ó dé Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ní 1858 ni ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde láti Smithsonian Institution ní Washington, ìwé tí àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń yẹ̀ wò. Nígbà tí Bowen dé Monrovia, ó ṣì ku ọdún márùn-ún kí a tó gbé ilé iná sí orí òkè Mesurado, nítorí ọdún 1855 ni a dá a sílẹ̀.

Láti Gurley Street a gba Broad Street, a sì gun òkè lọ sí ibi tí a ń pè ní Ducor, níbi tí ère ìrántí Joseph Jenkins Roberts, ààrẹ àkọ́kọ́ Liberia, gbé wà. Ilé ìtura ńlá tí a ṣí níbẹ̀ ní 1960 ti di ahoro. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1989, tí kò sì tán pátápátá títí di 2003, kò fi í sílẹ̀. Ilé iná náà ń bẹ ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ní ìhà Mamba Point. Ó dúró. Ọdún púpọ̀ ni iná rẹ̀ ti kú.

Láti orí òkè náà a rí òkun bí ó ti ń kún. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń gbé ní òkè ilẹ̀ ni ó mọ̀ pé òkun a máa kún, a sì máa fà sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sán àti òru kan. Òṣùpá ni ó ń fà á, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Láti ìgbà tí omi bá kún títí di ìgbà tí yóò tún kún, ó máa ń tó wákàtí méjìlá àti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti ní ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú, ìkún rẹ̀ a máa pọ̀ ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Ní ẹsẹ̀ òkun Fundy ní Kánádà, omi lè gòkè tó mítà mẹ́rìndínlógún. Ní Monrovia kò ju bí mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbì tí ó ń gun ẹ̀yìn omi kíkún wá sí etíkun Liberia kò ṣeé fi ṣeré. Àwọn àgbà wa ló ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Òkun Mẹditaréníà tí àwọn tó kọ Bíbélì mọ̀ kì í kún, kì í sì í fà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìgbì àti ti ààlà òkun ni a máa ń rí nínú Ìwé Mímọ́. A kì í sábà rí ọ̀rọ̀ ìkún àti ìfàsẹ́yìn omi. Nínú Jóòbù 38:8–11, Òwe 8:29 àti Jeremáyà 5:22, Ọlọ́run ni ó pa ààlà fún òkun tí Ó sì ní kí ó má kọjá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀, ḥōq, ń jẹ́ òfin, ó sì ń jẹ́ ààlà. Olùtumọ̀ Yorùbá ní láti mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ó bá mú ààlà, a óò rí iyanrìn etíkun. Bí ó bá mú òfin, a óò gbọ́ ohùn Ẹni tí ó pàṣẹ. Hébérù sọ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun kan wà tí a kà lọ́pọ̀ ìgbà tí kò yé wa dáadáa bí ó ti yé wa lórí òkè yẹn. Nínú Ìṣe 27:41, Lúùkù sọ pé ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù kọlu ibi kan tí ó pè ní dithalassos. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ibi tí òkun méjì wà ni. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó máa ń bi wá léèrè bí òkun méjì ṣe lè pàdé ní ẹ̀bá erékùṣù kékeré. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ òkè Ducor. Ibẹ̀ ni àdúgbò West Point wà, lórí ahọ́n iyanrìn tí ó yọ síta, odò Mesurado ní ìhà kan, òkun ńlá ní ìhà kejì. Omi ń lù ú lọ́tùn-ún, omi ń lù ú lósì. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, kò sí awakọ̀ tí yóò rí i títí ọkọ̀ yóò fi gún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Lúùkù ń wí nìyẹn. Bí a bá sọ pé òkìtì iyanrìn tí omi yí ká, apẹja West Point yóò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, apẹja Ìlàjẹ yóò sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n West Point kan náà bi wá ní ìbéèrè tí kò rọrùn. Ní àwọn ọdún tó kọjá, òkun ti gba ilé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò náà. Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílé. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947 pẹ̀lú àdúrà àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn, òkun ti jẹ apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Báwo ni a óò ṣe ka Jeremáyà 5:22 sí etí ẹni tí òkun gbé ilé rẹ̀ lọ? Báwo ni a óò ṣe sọ fún un pé iyanrìn ni Ọlọ́run fi pa ààlà tí òkun kò lè kọjá?

Ẹ jẹ́ kí a ka orí náà já. Jeremáyà kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti fi dá ẹni tí ó ń jìyà lẹ́bi. Ó sọ ọ́ fún orílẹ̀-èdè kan tí ó mọ ohun tí ó tọ́ tí kò ṣe é. Òkun ń pa òfin tirẹ̀ mọ́, ni ó wí, ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn ti ṣọ̀tẹ̀, ó ti yà lọ. Ní ẹsẹ 28 ó sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn: wọn kò gba ẹjọ́ ọmọ aláìníbaba rò, wọn kò sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìní. Lónìí àwọn onímọ̀ sọ fún wa pé omi òkun àgbáyé ń gòkè nítorí pé ayé ń gbóná sí i, àti pé ní etíkun Liberia àwọn ènìyàn ń wa iyanrìn kó lọ fi kọ́lé. Iyanrìn tí ó jẹ́ ààlà ni ọwọ́ ènìyàn ń kó lọ, aláìní tí ó ń gbé létí omi ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Jeremáyà kò di irọ́ ní West Point, bẹ́ẹ̀ ni kò di irọ́ ní Ayétòrò. Ó ń dún sí etí àwọn tí kò sí létí omi.

Èyí ni ìdí rẹ̀ tí olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ fi rọ ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tí ó bá le. Bí ó bá dẹ ọ̀rọ̀ Jeremáyà lójú kí ó má ba à dun ẹnikẹ́ni, ó ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù lọ.

Ní Gurley Street tí a wọ̀ sí, a kí ìyá àgbà kan, ọmọ Yorùbá, tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń ṣòwò aṣọ ní ìlú náà. A dọ̀bálẹ̀, a ní, “Ẹ kú ilé, ìyá wa.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ìrìn. Ṣé àlàáfíà ni ẹ fi àwọn ará ilé sílẹ̀?”

Nígbà tí ó gbọ́ irú iṣẹ́ tí a ń ṣe, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé ohun kan jáde tí a fi àdìrẹ wé. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, a sì ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an.

“Ẹ wò ó,” ni ó wí. “Nígbà tí ogun lé wa kúrò níhìn-ín, mo fi ẹrù sílẹ̀, mo fi ọjà sílẹ̀. Èyí ni mo gbé pọ̀n.”

“Ìyá wa, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Ta ni ó ń kà á fún yín nísinsìnyí?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Kò sí, ọmọ mi. Ojú mi kò gbé e mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á. Ọ̀kan ṣí i níjọ́ kan, ó ní, ‘Ìyá àgbà, kí ni ń jẹ́ li? Kí ni ń jẹ́ nyin?’ Ó kà á títí, ó sú u, ó sì pa á dé. Bí ó bá sí ohun tí ẹ̀yin lè ṣe sí i, ẹ tètè ṣe é, kí n tó lọ.”

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a fẹ́ kí a jọ mú nínú ohun wọ̀nyí.

Èkíní, ilé gogoro lè dúró kí ìmọ́lẹ̀ má sí nínú rẹ̀. Ilé iná Mesurado kò wó. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ́sàn-án yóò sọ pé ilé iná wà níbẹ̀. Òru ni yóò fi í hàn. Jòhánù 1:8 sọ nípa Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé òun kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ náà. Síbẹ̀ nínú Jòhánù 5:35, Olúwa wa pè é ní fìtílà tí ń jó tí ó sì ń tàn. Bí ó ti rí fún Jòhánù ni ó rí fún ìtumọ̀ Bíbélì. Iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ńlá, ẹnikẹ́ni tí ó bá fojú tín-ín-rín rẹ̀ kò mọ ohun tí èdè ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àdìrẹ wé e, tí a gbé e sí abẹ́ ìrọ̀rí, tí kò sí ẹni tí ó ń kà á nínú ilé, a ti bọ̀wọ̀ fún ilé gogoro, a kò sì tan iná. Ìyá tí ó gbé e pọ̀n la ogun já ti ṣe tirẹ̀. Ó ku tiwa.

Èkejì, ilé iná kì í ṣí nípò, omi ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Awakọ̀ tí ó bá rí iná kan ní ojú òkun ń fi í ṣírò ibi tí òun wà. Bí ẹnì kan bá gbé iná náà sí ibòmíràn, ì bá sàn kí iná má sí rárá, nítorí yóò tọ́ ọkọ̀ sí orí àpáta. Ìtumọ̀ tí ó jẹ́ ti Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ ṣí nípò. Ṣùgbọ́n èdè dàbí òkun: ọ̀rọ̀ a máa kún, ọ̀rọ̀ a sì máa fà. Ní ayé Crowther, bí a bá ní Jésù wọ inú ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́. Ọkọ̀ ojú omi ni. Lónìí, ọmọ tí a bí sí Ìbàdàn tàbí Èkó, bí ó bá gbọ́ ọkọ̀, mọ́tò ni yóò wá sí i lọ́kàn, yóò sì máa rò ó bí mọ́tò ṣe bọ́ sínú ìjì lórí adágún. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ̀nàmọ́ná. Nínú Mátíù 24:27, ohun tí ń kọ láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn ni. Lẹ́nu ọmọ òde òní, iná inú wáyà ni, èyí tí a máa ń gbà tí a sì máa ń mú lọ. Ọmọ yẹn lè gbọ́ pé wíwá Olúwa yóò dàbí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé! Bí olùtumọ̀ bá tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, tí ó sọ pé ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì wá ọ̀nà láti fi hàn pé mọ̀nàmọ́ná ojú ọ̀run ni, kò ṣí iná nípò. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí omi ti gbé lọ síbòmíràn tún lè rí i. Ohun tí a ń lépa nínú ìtumọ̀ Ìròhìn Ayọ̀ nìyẹn, òun náà sì ni a óò máa lépa nínú èyíkéyìí tí ó bá tún ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọtọ́. Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ ní àti yín ní ilé ìwé. A kò lè máa bá ọmọ wí nítorí pé li àti nyin kò yé e.

Ẹ̀kẹta, iná ilé iná kì í tàn fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́ olùṣọ́ kan ní láti gun àtẹ̀gùn lálaalẹ́, kí ó bu epo sí i, kí ó gé òwú rẹ̀, kí ó nu dígí rẹ̀. Bí ó bá sùn lóru ọjọ́ kan, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tí ó ti ṣe kò lè gba ọkọ̀ òru ọjọ́ náà là. Ẹ́kísódù 27:20–21 ti fi èyí lélẹ̀: ènìyàn Ọlọ́run ni yóò mú òróró wá, àlùfáà ni yóò sì tọ́jú fìtílà láti àṣálẹ́ títí di òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí ó gba iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ ṣe. Nígbà tí a bá dé 1 Sámúẹ́lì orí 3, a rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí olùṣọ́ bá ti darúgbó tí ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Ọ̀rọ̀ Olúwa ṣọ̀wọ́n ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n fìtílà Ọlọ́run kò tí ì kú, ọmọdé kan sì ń bẹ tí ó sùn nítòsí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọdé náà ni Ọlọ́run pè ní orúkọ, tí ó sì dáhùn.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí a máa ka Bíbélì sókè nínú ìjọ, kí a kà á ketekete, kí a má fi ìwàásù gígùn gba àyè rẹ̀. Ẹ fi ọmọdé síbi ìwé kíkà, kí ohùn wọn mọ́ ọn. Ẹ̀yin olùtumọ̀, ẹ jókòó ti àwọn àgbà kí ẹ gbọ́ ìjìnlẹ̀ èdè, ẹ sì jókòó ti àwọn ọmọdé kí ẹ mọ ibi tí omi dé. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn wa, owó tí ẹ ń dá ni òróró yìí. Òun ni ó ń gbé ìwé dé ilé tí ó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni ó sì ń ka Bíbélì sínú ẹ̀rọ fún ìyá tí ojú rẹ̀ kò gbé ìwé kíkà mọ́, kí ohùn lè ṣe ohun tí ojú kò lè ṣe. Bí ẹ bá ní ọmọ yín lókè òkun, ẹ má ṣe fi Bíbélì Yorùbá ránṣẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí lásán. Ẹ kà á sí i létí. Orí kan ṣoṣo ni Lott Carey kọ́kọ́ gbọ́.

Lúùkù ròyìn nínú Ìṣe 27:28–29 pé ní òru tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀, àwọn awakọ̀ wọn ìjìnlẹ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, ó jìn ní ogún ìwọ̀n. Nígbà tí wọ́n sún síwájú díẹ̀, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ń sún mọ́ tòsí, ṣùgbọ́n wọn kò rí i. Wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà kí ilẹ̀ mọ́. Kò sí ilé iná kankan ní etíkun yẹn. Ọkàn igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, èyí tí ó sì gbé wọn ró di òwúrọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run sọ fún ẹnì kan nínú wọn, tí ẹni náà kò sì fi mọ sí ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbangba, ní ọ̀rọ̀ tí balógun àti awakọ̀ àti ẹlẹ́wọ̀n lè gbọ́ yé. Gbogbo wọn ni ó gúnlẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣègbé.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń wọn omi lóru báyìí, nílé àti ní òkèèrè. Kí Olúwa tí ó pa ààlà fún òkun fún wa ní epo tí yóò tó di òwúrọ̀, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí iná tí a fi lé wa lọ́wọ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.